Rostropovich: Olórin tí kò kọ Ẹ̀yìn sí Ọ̀rẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ìtàn àwọn olórin ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọ̀rúndún ogún fi ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ka orin sí púpọ̀. Ó ń tọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ orin, ó sì ń fi oyè àti ẹ̀bùn dá àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n lọ́lá. Ṣùgbọ́n ọlá tí ìjọba fi fún ènìyàn, ìjọba lè gbà á padà. Kí ni olórin yóò ṣe nígbà tí a bá ní kí ó dákẹ́, tí a sì ń fi ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbolẹ̀? Mstislav Rostropovich fèsì sí ìbéèrè yìí, èsì náà sì gbé e lọ sí àjò fún ọdún 16.

Ní ìlú Baku, létí Òkun Caspian, ni a bí i ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1927. Ìdílé olórin ni. Sofia ìyá rẹ̀ a máa tẹ pianó. Leopold baba rẹ̀ a máa ta sẹ́lò, ohun èlò olókùn mẹ́rin tí a ń fi ọrun fà bí a ti ń fa gòjé, ṣùgbọ́n tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń ta á fi ní láti jókòó kí ó sì fi orúnkún méjèèjì gbá a mú. Baba yìí ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọmọ rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1942 ní Orenburg, níbi tí ogun lé wọn lọ. Ní ọdún kejì rẹ̀ ni ọmọ náà, ẹni ọdún 16, wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ti Orin ní Mọ́sko. Níbẹ̀ ni ó ti rí Dmitri Shostakovich ní olùkọ́.

Kò pẹ́ tí ìdánwò àkọ́kọ́ fi dé. Ní oṣù kejì ọdún 1948, ìgbìmọ̀ àgbà Ẹgbẹ́ Kọ́múnísì gbé ìpinnu kan jáde tí ó fi bu ẹnu àtẹ́ lu Shostakovich, Sergei Prokofiev àti àwọn mìíràn, pé orin wọn kò bá ti ará ìlú mu. A yọ Shostakovich kúrò níṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ ọdún 20 ni Rostropovich nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sá fún àwọn àgbà tí ojú ìjọba kò fẹ́ rí. Ó ń lo àkókò ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ Prokofiev. Ní ọdún 1950 òun àti Sviatoslav Richter ni wọ́n kọ́kọ́ ta sónátà tí bàbá náà kọ fún sẹ́lò àti pianó. Prokofiev kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1953, ọjọ́ kan náà tí Stalin kú.

Lẹ́yìn èyí ni ògo ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá tàn. Ní ọdún 1955 ó gbé Galina Vishnevskaya níyàwó, gbajúgbajà akọrin ní ilé ọ́pẹ́rà Bolshoi. Ní ọdún 1959 Shostakovich kọ kọnṣẹ́tò sẹ́lò rẹ̀ àkọ́kọ́ fún un. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó fi kọ́ ọ sórí. Ní ọdún 1961, ní Aldeburgh nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ta sónátà tí Benjamin Britten kọ fún un. Ó gba Ẹ̀bùn Stalin ní ọdún 1951, Ẹ̀bùn Lenin ní ọdún 1964, àti oyè Olórin Ará Ìlú ní ọdún 1966. Kò sí ohun tí ìjọba lè fún olórin tí kò fún un.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1968, àwọn ọmọ-ogun Sófíẹ́ẹ̀tì wọ ìlú Prague. Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Rostropovich ní láti bá ẹgbẹ́ olórin ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ta kọnṣẹ́tò Antonín Dvořák, ọmọ ilẹ̀ Czech, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan nínú àwùjọ ń pariwo ìbínú. Ó ta orin náà dópin pẹ̀lú omijé lójú, ó sì gbé ìwé orin Dvořák sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i.

Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ọ̀ràn náà wọ inú ilé rẹ̀. Aleksandr Solzhenitsyn, òǹkọ̀wé tí ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí ní àgọ́ Stalin tí ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀, kò ní ibùgbé tí ó rọgbọ. Rostropovich àti aya rẹ̀ fi í sí ilé kékeré kan nínú ọgbà wọn ní Zhukovka, lẹ́bàá Mọ́sko. Nígbà tí òǹkọ̀wé náà gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1970, ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí bú u. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, Rostropovich kọ lẹ́tà sí àwọn olóòtú ìwé ìròyìn mẹ́rin, Pravda sì wà lára wọn. Ó rán wọn létí ohun tí wọ́n kọ nípa Shostakovich àti Prokofiev ní ọdún 1948, àti bí ó ti di ohun ìtìjú. Ó ní ó yẹ kí ènìyàn lè ro èrò ara rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Kò sí èyí tí ó tẹ̀ ẹ́ nínú wọn. Ilẹ̀ òkèèrè ni a ti kà á.

Ìyà rẹ̀ kò pariwo. A fagi lé ìrìn-àjò rẹ̀ sí òkèèrè, a lé e kúrò níwájú ẹgbẹ́ olórin Bolshoi, ibi tí ó ti lè ta orin sì ń dín kù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1974 ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ ọdún méjì. Aya àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì tẹ̀lé e. Ní ọdún 1977 ó di olùdarí ẹgbẹ́ olórin National Symphony ní Washington. Ní ọdún 1978 ìjọba gba ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú lọ́wọ́ òun àti aya rẹ̀.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Ògiri Berlin ṣí, ó lọ jókòó sí ẹsẹ̀ ògiri náà, ó sì ta orin Bach. Ní ọdún 1990 a dá ẹ̀tọ́ wọn padà, ó sì kó ẹgbẹ́ olórin Washington wá sí Mọ́sko. Nígbà tí àwọn kan fẹ́ fi ipá gba ìjọba ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, ó wọ bàálù láti Párísì láìgba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, ó sì lọ bá àwọn tí ń ṣọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Mọ́sko ni ó kú sí ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2007, ní ẹni ọdún 80.

A lè wí pé lẹ́tà náà kò gba Solzhenitsyn là, nítorí a lé e kúrò nílùú ní oṣù kejì ọdún 1974. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Rostropovich kò kọ ọ́ bí olóṣèlú tí ń wá ìṣẹ́gun. Onílé ni ó jẹ́, àlejò wà lọ́dọ̀ rẹ̀, a sì ń ba àlejò náà jẹ́. Ó ti rí i ní ọdún 1948 bí ìdákẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ran irọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ó kan òun, kò dákẹ́.