Gbòǹgbò irúgbìn àti àwọn irin olóró

Àwọn irin olóró bíi òjé àti kádímíọ̀mù máa ń ti inú ilẹ̀ gba ara gbòǹgbò wọ inú irúgbìn. Irúgbìn kò ní ojú ọ̀nà tí ó yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ọ̀nà tí sínkì àti irin tí ó ń ṣe é láǹfààní ń gbà wọlé ni kádímíọ̀mù náà ń gbà. Òjé kì í rìn jìnnà: púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ògiri sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò, díẹ̀ ni ó ń dé ewé.

Irúgbìn tí ó lè fara dà á kì í pa májèlé náà run, nítorí irin kì í jẹrà. Ó ń ṣe èròjà kan tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀, phytochelatin, èyí tí ó ń di kádímíọ̀mù mú, a sì tì í mọ́ inú àpò omi sẹ́ẹ̀lì.

Ní Kúmápàyí, ní Olódò, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìwó tí àwọn ará Olúpọ̀nnà ń gbà, ìdàrọ́ bátìrì ọkọ̀ tí a dà sílẹ̀ ti fi òjé ba ilẹ̀ jẹ́. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn dán ajílẹ̀ wò níbẹ̀, nítorí ó ń so òjé mọ́ ilẹ̀ kí gbòǹgbò má baà rí púpọ̀ fà. Ẹ̀fọ́ tí ó tutù yọ̀yọ̀ lè ru kádímíọ̀mù láìfi àmì kankan hàn. Fífọ ewé ń mú eruku òjé kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yọ ohun tí gbòǹgbò ti fà wọ inú.