Bí Àwọn Ọmọ Wa Ṣe Di Fítà àti Púlọ́ńbà ní Kàdúná

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a bí sí Kàdúná rò pé òwò nìkan ló gbé àwọn baba wa wá síbí. Aṣọ, obì àti ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ló sábà máa ń wà nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa. Ṣùgbọ́n ojú irin ló gbé àwọn tó ní sípánà lọ́wọ́ dé, ìtàn tiwọn náà sì tọ́ sí àyè nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, pàápàá lásìkò yìí tí àwọn òbí ń bi wá léèrè ibi tí wọn yóò fi ọmọ wọn kọ́ṣẹ́ sí.

1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin dé Jẹ́bà ní 1909, nígbà tó sì di 1912 ọkọ̀ ti ń ti Èkó lọ sí Kánò. Ní 1913 ni Lugard yan ibi tí a wà yìí láti fi ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Àríwá. Ooru omi ni ẹ̀ńjìnnì ayé ìgbà náà ń lò, kò lè rìn jìnnà kó má dúró mumi, nítorí náà ẹni tó mọ páìpù so ṣe pàtàkì bí ẹni tó mọ ẹ̀ńjìnnì tú. Ilé-iṣẹ́ ńlá rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta ni púpọ̀ nínú wọn ti fojú rí iṣẹ́.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rélùwéè ní láti mọ̀wé díẹ̀, nítorí ínṣì àti àwòrán ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Fáìlì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé lé e lọ́wọ́, kí ó fi yún irin títí yóò fi tẹ́jú. Ọ̀gá yóò gbé irin onígun lé e, yóò wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ, ó di àtúnṣe nìyẹn. Michael Imoudu, ọ̀kan nínú àwọn olórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá 1945, ilé-iṣẹ́ rélùwéè ló ti kọ́ iṣẹ́ tọ́nà. Owó oṣù wà, owó ìfẹ̀yìntì wà, ìdí nìyẹn tí àwọn òbí fi ń jà du àyè níbẹ̀. Àyè ọ̀hún kò tó. Ẹni tí kò ní èèyàn nínú iṣẹ́, ìta ni ọmọ rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ mìíràn sì tẹ̀ lé e ní Kakuri àti Makera, àyè gbòòrò. Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbí ní 1975, débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ mẹkáníìkì tí kò mọ 504 tú ní ojú òkùnkùn. Ní 1980 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo, tí páìpù tó gùn ju 600 kìlómítà lọ ń gbé epo rọ̀bì wá fún un láti ìhà Wàrí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ṣi iṣẹ́ mú fún ọmọ. Wọ́n rò pé púlọ́ńbà àti fítà páìpù, ọ̀kan náà ni. Púlọ́ńbà ń fa omi wọ ilé. Láyé àtijọ́ páìpù onírin ni ó ń lò: yóò fi dáì gé ìlà yíká ẹnu rẹ̀, yóò we òwú mọ́ ọn, yóò fi ọ̀dà sí i kí ó tó dì í. (Nísinsìnyí tó jẹ́ pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ páìpù oníke, ọmọ tó lo ọdún kan péré a máa rò pé òun ti mọ gbogbo rẹ̀.) Fítà páìpù ní tirẹ̀, ooru gbígbóná àti epo tó ń ti ara wọn pẹ̀lú agbára ni ó ń bá ṣe. Ó gbọ́dọ̀ mọ àwòrán kà, kí ó sì lóye iṣẹ́ wẹ́dà. Bí púlọ́ńbà bá ṣe àṣìṣe, omi yóò ṣàn sínú yàrá. Bí fítà bá ṣe é nídìí bọ́ílà, ó lè pa èèyàn. Owó iṣẹ́ méjèèjì kò sì dọ́gba.

Àwọn kan nínú wa máa ń fojú tín-ín-rín wo ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ igi tàbí ní Panteka. Àwa kò gbà pẹ̀lú wọn. Lóòótọ́, ọdún àkọ́kọ́ lè lọ sórí gbígbálẹ̀ àti ríra oúnjẹ fún ọ̀gá, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ìṣòro ni ọmọ náà ń rí, nígbà tí ẹni tó wà nílé-iṣẹ́ lè ṣọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo fún ogún ọdún. Ìwé ni kò ní. Trade test sì wà fún un, láti ipò kẹta dé ipò kìíní. Ìjọba pàápàá gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀dọ̀ ọ̀gá nígbà tí NDE bẹ̀rẹ̀ ètò ìkọ́ṣẹ́ ní 1987, tí wọ́n ń fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́.

Kaduna Textiles tì ní 2002. UNTL náà tì ní 2007, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún ṣí lẹ́yìn náà. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìhunṣọ nìkan ló mọ̀ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn fítà tó mọ bọ́ílà àti páìpù rí ọ̀nà lọ sí ilé-iṣẹ́ ọtí, ilé ìwòsàn àti hòtẹ́ẹ̀lì, nítorí kò sí èyí tí kò ní páìpù nínú wọn.

Kí ó tó dìgbà yẹn ni rògbòdìyàn oṣù Kejì ọdún 2000 ti dé. Ṣọ́ọ̀bù jóná, ọ̀gá kó lọ sí apá kejì odò tàbí kó padà sílé, ọmọ tó kù ní ọdún kan kí ó gbòmìnira kò rí ẹni tí yóò parí iṣẹ́ fún un. Owó ìwọṣẹ́ tí òbí san wọgbó. Láti ìgbà náà ni àwọn kan nínú wa ti ń fi ìlà kan kún ìwé àdéhùn ọmọ ìkọ́ṣẹ́: bí ọ̀gá bá kúrò nílùú kí ọdún ọmọ tó pé, ta ni yóò gba ọmọ náà, èló nínú owó tí wọ́n ti san ni yóò sì bá a lọ.