Arúgbó àti Ìjọba nínú Ìtàn-Àròsọ Kúkúrú ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ìtàn-àròsọ kúkúrú, èyíinì ni ìtàn àtinúdá tí ènìyàn lè kà tán ní ìjókòó kan, kì í ní àyè fún gbogbo ìgbésí ayé ẹ̀dá-ìtàn, ìdí nìyí tí òǹkọ̀wé fi sábà máa ń bá arúgbó pàdé níbi tí ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ fún un. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí nínú èyí tí ó pọ̀ jù lára àwọn ìtàn tí àpilẹ̀kọ yìí yẹ̀ wò ni pé ìjọba ni ó ń du àgbà ní òmìnira àti iyì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi náà rù. Ṣùgbọ́n ní ìlú Ọ̀wọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá àti àdúgbò rẹ̀, ojú ẹbí àti ti ìlú ni a fi ń wo iyì àgbà. Àkó, ère tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ máa ń gbẹ́ láyé àtijọ́ kí ó lè jọ olóògbé, tí wọ́n ń wọ̀ láṣọ, tí wọ́n sì ń gbé yíká ìlú, jẹ́rìí sí èyí. Ẹni tí ó fi agbára rẹ̀ sin ìjọba kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Fáìlì ni ó ní.

“Bombay's Republic”, tí Rótìmí Babátúndé fi gba ẹ̀bùn Caine ní ọdún 2012, ni ó lọ jìnnà jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bombay wà lára àwọn ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó lọ bá àwọn ará Japan jà ní ilẹ̀ Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, níbi tí ó ti fojú ara rẹ̀ rí i pé òyìnbó náà ń bẹ̀rù, ó ń ya wèrè, ó sì ń kú. Nígbà tí ó padà délé, ó gba ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan lórí òkè, ó kéde rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè olómìnira, ó kọ̀ láti san owó orí, ó sì ń ṣe ààrẹ níbẹ̀ títí ó fi darúgbó. Oyè tí ó ń fi dá ara rẹ̀ lọ́lá ń pọ̀ sí i, débi pé ó pe ara rẹ̀ ní baba íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí bí àwọn olórí ológun kan ti ń to oyè lé orúkọ ara wọn yóò mọ àwọn tí òǹkọ̀wé ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí. Àléébù òmìnira Bombay ni pé òun nìkan ni ará ìlú náà. Ti àgbà kan tí kì í ṣe ẹ̀dá-ìtàn yàtọ̀ sí èyí: Michael Adékúnlé Ajásìn, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí a bí ní 1908, ti pé ọmọ ọdún 85 nígbà tí a dá ẹgbẹ́ ajìjàgbara NADECO sílẹ̀ ní 1994 láti kojú ìjọba ológun Sani Abacha ní Nàìjíríà, ó sì di olórí rẹ̀. Àárín ẹgbẹ́ ni àgbà yẹn ti ja tirẹ̀.

Zirigu, inú “For Whom Things Did Not Change” ti Ama Ata Aidoo (1970), kò ní òkè kankan tí yóò sá gùn. Alásè ni ní ilé ìgbàlejò ìjọba ní Gánà: ó se oúnjẹ fún òyìnbó, lẹ́yìn òmìnira 1957 ó ń sè é fún ọ̀gá dúdú. Nígbà tí Kobina, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kàwé, ní kí ó má pe òun ní ọ̀gá, ńṣe ni ọ̀wọ̀ yìí ń da baba náà láàmú. Ní ìparí ni ó bi ọmọ náà léèrè ohun tí òmìnira jẹ́, Aidoo kò sì fún ẹnikẹ́ni ní àyè láti dáhùn.

Nínú “Ghosts”, tí ó wà nínú àkójọ ìtàn kúkúrú Chimamanda Ngozi Adichie (2009), James Nwoye, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Nsukka, ń lọ béèrè owó ìfẹ̀yìntì tí kò dé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ìwà pẹ̀lẹ́ yìí gan-an ni ó sì mú kí ìtàn náà dunni ju ti Bombay lọ.

Nwamgba, arúgbó obìnrin inú ìtàn mìíràn nínú àkójọ Adichie kan náà, kò sin ìjọba rí. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀, ó sì rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì kí ó lè gbọ́ èdè tí ilé-ẹjọ́ ń gbọ́. Ọmọ gbọ́ èdè náà, àṣà ìyá sì di ìríra lójú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ, tí wọ́n sàmì fún ní Grace, ni ó lọ sí ilé-ẹjọ́ nígbẹ̀yìn láti gba Afamefuna, orúkọ tí ìyá àgbà sọ ọ́.