Ará Òkè Dé Ìdó: Bí Èkó Ṣe Ń Gba Àlejò Rẹ̀ Láti Ayé Ọkọ̀ Ojú Omi

Ará òkè ni àwọn ọmọ Èkó àtijọ́ ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ti apá Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn tàbí Ìlọrin sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí òkun. Orúkọ náà kì í ṣe èébú gan-an, kì í sì í ṣe oríkì. Aṣọ òfì tí ará òkè gbé kọ́ èjìká wá ni wọ́n sọ ní aṣọ òkè, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára di òní. Ìyàwó tuntun tó ró o lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní Èkó lónìí kò rántí pé aṣọ àlejò ló wà nídìí òun. Ẹni tó gbé aṣọ náà wá ńkọ́? Òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìdíkọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní ṣùẹ̀gbẹ̀.

Kí rélùwéè tó dé, kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà wù ú ló ń fojú kan Èkó. Ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, ó sì di ọ̀nà pa fún bí ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìjẹ̀bú ló ni ọ̀nà tó já sí ọ̀sà, Ẹ̀gbá ló ni èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ odò Ògùn, oníbodè wọn kò sì fẹ́ kí ará Ìbàdàn kọjá lọ ra ọjà lọ́wọ́ òyìnbó fúnra rẹ̀. Ní 1881, nígbà tí Aláàfin Adéyẹmí fẹ́ kí ìjọba Èkó bá wọn dá sí ogun náà, ó ní láti wá ẹni tó lè gbé lẹ́tà rẹ̀ la gbogbo ibodè yẹn kọjá. Ọwọ́ àlùfáà Samuel Johnson, tí ó padà kọ ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tó gbajúmọ̀ jù lọ, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí. Láyé ìgbà náà, ènìyàn lè máa gbọ́ ìròyìn Èkó lẹ́nu àwọn alájàpá títí irun orí rẹ̀ á fi funfun, kí ó má dé ibẹ̀ láéláé.

Ẹni tó bá rí ọ̀nà gbà, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn dé Ìkòròdú tàbí Ẹ̀jìnrìn kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Èbúté Èrò ni ọkọ̀ náà yóò já a sí, orúkọ ibẹ̀ sì ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ibi tí èrò ń gúnlẹ̀ sí ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ọmọ ogun òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ́n, wọ́n sì fi ipá ṣí ọ̀nà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn tó wà lójú ogun Kírìjì tú àgọ́. Ìgbà náà ni ọ̀nà Èkó di ti gbogbo ènìyàn.

Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin rélùwéè láti Èkó lọ sí òkè. Ní oṣù kẹta ọdún 1901, wọ́n ṣí ọ̀nà náà dé Ìbàdàn, nǹkan bí máìlì 120. Ìrìn tó ti ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí ènìyàn fi ń sùn ní abúlé onílé, wá di ìrìn tí ènìyàn lè parí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ṣùgbọ́n Ìdó ni ọkọ̀ ń dúró sí, erékùṣù ni Ìdó nígbà náà, kì í ṣe Èkó gan-an. Nítorí náà, omi ni ojú àlejò ń kọ́kọ́ rí. Ẹni tó jẹ́ pé Ògùnpa ni odò ńlá tó mọ̀ ní Ìbàdàn bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì bá ọ̀sà pàdé, omi tí ẹ̀ẹ̀rùn kò lè mú gbẹ. Afárá kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n parí ní 1901 yẹn náà, tí wọ́n fi orúkọ gómìnà Gilbert Carter pè. Ẹni tó bá fẹ́ dé Èkó, orí afárá yẹn ni yóò gbà, pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ní 1902, ìjọba fi ọkọ̀ ojú irin kékeré kan sí i tó ń kó èrò láti Ìdó wọ inú Èkó. Àwòyanu ni fún àlejò, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin yẹn kan náà kó ẹrù àwọn agbépóò lọ dà nù. Nígbà tó fi máa di 1933, wọ́n ti pa á tì pátápátá. Àlejò tó bá wá ní àsìkò tí kò dára, imú rẹ̀ ni Èkó ń kọ́kọ́ kí káàbọ̀.

Bó bá wọ inú ìlú tán, ilé ni yóò máa wò. Ní ilé, ògiri amọ̀ àti agboolé onígbàgede ló mọ̀. Ní Pópó Àgùdà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló bá, fèrèsé rẹ̀ ga, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì gbẹ́ òdòdó sára ọwọ̀n rẹ̀. Àwọn tó kọ́ wọn ni àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wá, tí wọ́n ń pè ní Àgùdà, àti àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Àwọn ni wọ́n kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìjọ Páàdì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tó bá di alẹ́, iná ìjọba a máa tàn lójú pópó Màrínà láìsí ẹni tó gbé àtùpà dání. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí ni iná yẹn ti dé Èkó.

Ohun tó ń ya ará òkè lẹ́nu jù ni pé wọ́n ń ta omi. Lábúlé, odò ni wọ́n ti ń pọn ọ́n, odò kì í sì í béèrè owó. Ní òpópónà Kákáwà, ìdílé Da Rocha, Àgùdà ọlọ́rọ̀, ní kànga tí wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún ará ìlú, débi pé Ilé Olómi ni wọ́n ń pe ilé wọn. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ láti Ìjù wọ Èkó, tó sì fẹ́ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú, Ọba Èṣùgbàyí Elékòó àti Herbert Macaulay wà lára àwọn tó kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ Èkó pàápàá, tó ti mọ gbogbo nǹkan, kò gbà pé ó yẹ kí ènìyàn san owó orí omi. Nínú ọ̀ràn yìí, ohùn òun àti ti ará òkè dọ́gba.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdó kò padà sílé mọ́; àwọn mìíràn lọ, wọ́n sì tún bọ̀. Amos Tutuola, ọmọ àgbẹ̀ kòkó ní Abẹ́òkúta, wá sí Èkó ní nǹkan bí 1934 pẹ̀lú akọ̀wé ìjọba kan tó ń bá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ó padà sílé, ó tún bọ̀ wá kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1952 kún fún igbó, iwin àti òkú ọ̀run, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á dáadáa yóò rí Èkó nínú igbó náà. Arẹwà ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé kúrò lọ́jà, àfi bí ọkùnrin náà ṣe ń dá ẹsẹ̀, apá àti awọ ara padà fún àwọn tó háyà wọn fún un, títí ó fi ku agbárí lásán. Olórí ìtàn náà fúnra rẹ̀ ta ikú rẹ̀, ó sì yá ẹ̀rù rẹ̀ jáde, kí wọ́n máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù ní pọ́n-ùn àti ṣílè. Kò sí àgbẹ̀ kòkó tó ń ṣírò báyẹn. Ẹni tó ti háyà yàrá ní ìlú ńlá, tó sì ti rí gbájúẹ̀ tó wọ kóòtù ẹlòmíràn, ló lè ro irú rẹ̀.

Hubert Ogunde náà, ọmọ Òṣósà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, aṣọ ọlọ́pàá ló wọ̀ dé Èbúté Mẹ́tà nígbà ogun Hitler. Ní 1944, ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní gbọ̀ngàn Glover fún ìjọ Aládùúrà kan. Láàárín ọdún méjì, ó ti bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀, ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní 1945 sì ti di eré lórí ìtàgé rẹ̀. Àlejò ló ń sọ ìtàn Èkó fún àwọn ọmọ Èkó, wọ́n sì ń sanwó wọlé láti wá gbọ́ ọ.

Ẹ wo iye èèyàn tí wọ́n kà. Ní 1931, ìlú Èkó ní nǹkan bí 126,000 ènìyàn. Ní 1950, ó ti lé ní 230,000. Nígbà tó máa di 1963, ó ti lé ní 665,000. Abiyamọ ìlú kan kò lè bí iye ọmọ báyẹn láàárín ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ọkọ̀ ojú irin àti bọ́lẹ̀kájà ló kó wọn wá. Nítorí náà, ẹni tó dúró ní Ìdó tó ń fi ṣùẹ̀gbẹ̀ rẹ́rìn-ín lè jẹ́ ẹni tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín níbẹ̀ kan náà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Èkó ní ẹ̀kọ́ tó fi ń kọ́ àlejò, ọ̀rọ̀ ẹnu ló sì fi ń kọ́ ọ. Wọ́n á ní Èkó kò gba gbẹ̀rẹ́. Wọ́n á ní ẹni tó dé Èkó tí kò gbọ́n, bó dé Ìlú Ọba kò lè gbọ́n. Ẹ̀kọ́ kan wà tó jẹ́ pé pàṣán ni. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde, àlejò tó bá wọ bàtà, tó mu sìgá, tàbí tó di irun ṣùkú gba ojú ọ̀nà wọn yóò mọ bí ọ̀pá òpáǹbàtà ṣe ń dun ni. Kò sí ẹni tó máa jókòó ṣàlàyé òfin fún un ṣáájú.

Kí a má rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìyanu ń gbà. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1928, a máa wọ ọkọ̀ lọ sí àwọn ìlú òkè, a sì máa kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ fún àwọn ònkàwé tó wà ní Èkó. Ohun tó jẹ́ ojoojúmọ́ fún ará òkè di ìròyìn fún ará Èkó.

Ọkọ̀ ló yí padà jù. Bọ́ọ̀sì J. N. Zarpas, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, ló gba òde kí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó tó rà á ní 1958. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mólúè àti dáńfó, tí àlejò ní láti kọ́ nígbà náà bí wọ́n ṣe ń fò bọ́ sílẹ̀ nínú wọn nígbà tí wọ́n bá ṣì ń lọ: ẹsẹ̀ òsì ni kí ó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀, kí ojú sì wo iwájú. Ọjọ́ kan wà tí ìmọ̀ gbogbo ènìyàn dọ́gba. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹni tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó dúró létí títì, ó ń wo apá tí ọkọ̀ kò ti ní bọ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìsẹ́yìn.

Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, ibodè Èkó kúrò ní Ìdó, ó sún lọ sí ojú títì. Ní 1991, wọ́n gbé ère àwọn àgbà mẹ́ta síbẹ̀ láti máa kí àlejò, aṣọ funfun lọ́rùn, fìlà lórí. Bí àwọn ìjòyè Èkó ṣe ń kíra wọn ni ọwọ́ wọn ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ní ìtumọ̀ tiwọn: àwọn àgbà náà ń kìlọ̀ fún àlejò pé àwọn ti gbọ́n jù ú lọ.

Láti 2021, rélùwéè tuntun, kìlómítà 157, tún ń já èrò Ìbàdàn sí Èbúté Mẹ́tà. Kò ju wákàtí mẹ́ta lọ, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ nínú rẹ̀, Ìdó àtijọ́ kò sì jìnnà síbẹ̀. Nígbà tí èrò bá tú jáde tán, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ti ń pariwo lójú títì, "Ọ̀yìngbò! Ìdúmọ̀tà!" Ẹni tó bá fẹ́ fojú kan ibi tí àwọn baba rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ ní 1901, dáńfó ni yóò gbé e dé Ìdó. Àwọn tó ti wọ̀ ọ́ rí á ti béèrè iye owó kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ sókè.