Omi Iyọ̀ àti Ṣúgà: Ohun Tí Àgọ́ Ogunléndé Kọ́ Wa

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà! Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí à ń ní kẹ́ ẹ fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ṣé ẹ mọ ibi tó ti fi agbára rẹ̀ hàn? Àárín ogunléndé ni.

Lọ́dún 1971, ogun bẹ́ sílẹ̀ níbi tí à ń pè ní Bangladesh lónìí. Èèyàn bíi mílíọ̀nù 10 sá wọ ilẹ̀ Íńdíà, tọmọtọmọ. Ní ìlú Bangaon, nítòsí ààlà, onígbáméjì bá wọn nínú àgọ́. Dókítà ọmọdé kan, Dilip Mahalanabis, wà níbẹ̀. Sẹ́rọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fà sára aláìsàn ń tán lọ. Kí ló máa ṣe? Ó ní kí wọ́n po iyọ̀, ṣúgà glúkóòsì àti bikabónáàtì mọ́ omi, kí wọ́n rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù. Àwọn ìyá àti ẹbí fúnra wọn ló ń fi ife bu omi náà fún aláìsàn wọn mu.

Tẹ́lẹ̀, nínú aláìsàn 100, bíi 30 ló ń kú. Nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú báyìí, àwọn tó kú kò tó 4. Omi tó ń tán lára ló ń pa ọmọ. Ṣúgà ló ń ran iyọ̀ àti omi lọ́wọ́ láti inú ìfun wọnú ara.

Ẹ gbọ́ o: ọmọ àlejò tó ń sùn lẹ́yìn ìsọ̀ yín, ẹ má ṣe ní kò kàn yín. Ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ la ti rí i pé oògùn tiwa ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ ò bá rí SRO oníṣáṣẹ́ẹ̀tì, ẹ wọn omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí kékeré 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Kí ṣíbí má ga lórí, kí iyọ̀ má sì pọ̀ jù. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún un, kí ìyá rẹ̀ má sì dá ọmú dúró. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, bí kò bá lè mu, tàbí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn kíákíá!

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹ bá ìyá ọmọ náà lọ, ẹ bá a túmọ̀ èdè. Ẹsẹ̀ tiyín lè jẹ́ ẹ̀mí ọmọ rẹ̀.