Bí Afárá Ṣe Di Ọ̀nà Mọ́tò: Oníkẹ̀kẹ́ Láàrin Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Èkó

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀sà ni ọ̀nà tó so Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ́ Èkó. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹrù Ìjẹ̀bú láti èbúté méjèèjì, òun náà ló sì ń gbé ìjòyè àti jagunjagun. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, kúrò lórí oyè ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló wá fi ṣe ibùjókòó kí ó tó padà sí Èkó ní 1862.

Ọdún 1901 ni afárá Carter so Erékùṣù Èkó mọ́ Ìddó. Ọdún náà ni ojú irin dé Ìbàdàn, ó sì di dandan kí èrò àti ẹrù rí ibi gbà kọjá omi láìwọ ọkọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti reluwé kékeré tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1902 ló jọ ń lo afárá náà. Bí owó kòkó ti ń wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ ológeere di ohun ìní olùkọ́, akọ̀wé àti àgbẹ̀.

Ọdún 1973 ni ọ̀nà Nàìjíríà àti ti Nẹ́dálándì pín sí méjì, nígbà tí epo rọ̀bì gbówó lórí káàkiri ayé. Ní Nẹ́dálándì tó ń ra epo, ìjọba fòfin de wíwa mọ́tò lọ́jọ́ Sunday fún ìgbà díẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì tún níyì. Ní Nàìjíríà tó ń ta epo, àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Údojì ní 1975 sọ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ di onímọ́tò. Lọ́dún náà ni Afárá Èkó parí. Ní 1990, afárá Third Mainland tẹ̀lé e, ó gùn ní kìlómítà 11.8, ó sì jẹ́ pé mọ́tò nìkan ni wọ́n pín ojú rẹ̀ fún.

Ní 2012, ìlú Eindhoven ní Nẹ́dálándì ṣí Hovenring, afárá róbótó tí wáyà irin so rọ̀ mọ́ òpó gíga mítà 70. Oníkẹ̀kẹ́ ń gba òkè, mọ́tò ń gba ìsàlẹ̀. Wọ́n sì gbẹ́ títì ìsàlẹ̀ wálẹ̀ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ afárá má baà ni oníkẹ̀kẹ́ lára. Lọ́dún náà ni òfin ìrìnnà Èkó lé ọ̀kadà kúrò lórí àwọn títì ńlá. Bọ́ọ̀sì BRT dé Ìkòròdú ní 2015. Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà kalẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Nígbà tí ìjọba fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní 2022, kò kan Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́.

Afárá kẹrin, tí ètò rẹ̀ gùn tó kìlómítà 38, ni yóò so Ìkòròdú mọ́ apá Lẹ́kí. Nínú àwòrán kan tí ilé-iṣẹ́ NLÉ ti Kúnlé Adéyẹmí yà, afárá náà ní àjà méjì: òkè fún mọ́tò, ìsàlẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ọjà. Ní December 2022, ìjọba kéde ilé-iṣẹ́ tó yàn láàyò fún iṣẹ́ náà. Ìbú ojú ọ̀nà tí wọ́n bá fọwọ́ sí lórí ìwé ni yóò sọ ẹni tí yóò lè gba ibẹ̀ kọjá.