Ìwọ̀n Apá ni Ìwọ̀n Ọrun: Ìtàn Bí Àwọn Ọdẹ Ṣe ń Yan Líle Ọrun Wọn

 

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ awo kan tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí wa. Wọ́n ti gbé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì fún un, ó sì wù ú láti máa fi ọrun àti ọfà dẹ àgbọ̀nrín bí òfin ibẹ̀ ṣe fàyè gbà á. Ó ní nítorí pé ọmọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni òun, ọrun tí ó le jù lọ́jà ni òun rà. Oṣù mẹ́ta kò pé tí èjìká fi ń ro ó, tí kò lè gbọ́wọ́ sókè dáadáa mọ́. Èyí tí ó tún dùn ún jù ni pé àgbọ̀nrín kan ṣoṣo tí ó ta, ó gbé ọfà náà sá wọgbó lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni ó rí, kò rí ẹran. Ó wá bi wá pé: "Baba, ṣé òrìṣà ló kọ̀ mí ni?"

A dá Ifá fún un bí ó ti yẹ. Ohun tí Ifá bá a sọ, òun ló ni ín, a kò ní tẹ̀ ẹ́ jáde níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ìdajì ìdáhùn ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìtàn, ìyẹn ni a sì fẹ́ bá yín sọ. Ohun tí ìtàn ọrun kọ́ wa ni pé ọrun tí ó le jù kọ́ ni ọrun tí ó dára jù fún ọdẹ. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwa náà ní ìwọ̀n apá ni ìwọ̀n ọrun.

Kí ni líle ọrun?

Nígbà tí a bá fa okùn ọrun, èyí tí à ń pè ní ọsán, agbára kan wà tí ó ń fa ìka wa padà. Agbára yẹn ni líle ọrun. Pọ́n-ùn ni àwọn tí ń ṣe ọrun ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń wọ̀n ọ́n. Wọn a fi òṣùwọ̀n oníkọ̀ọ́ kọ́ ọsán, wọn a fà á títí yóò fi tó ínṣì 28, wọn a wá wo iye tí òṣùwọ̀n bá sọ. Bí ẹ bá rí 50 lára irú ọrun bẹ́ẹ̀, ínṣì 28 yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹni tí apá rẹ̀ kúrú, tí fífà rẹ̀ kò ju ínṣì 26 lọ, kò ní bá 50 níbẹ̀, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ọrun, bí fífà bá dín ní ínṣì kan, líle rẹ̀ a dín ní pọ́n-ùn méjì sí mẹ́ta. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ara ẹni tí ó mú ọrun ti wà nínú ìṣirò náà.

Òótọ́ ni pé ọrun líle a máa mú ọfà yára, ọfà rẹ̀ a sì máa wọlé jinlẹ̀. A kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, kí ni yíyára ọfà fẹ́ ṣe? Gígé ni ọfà tí kò ní oró fi ń pa ẹran: ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ gé ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọkàn tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Bí kò bá bọ́ síbi tí ó yẹ, ẹran á sá lọ, á lọ kú síbi tí ẹnì kan kò ní jẹ ẹ́. Ìyà ni fún ẹran, àdánù ni fún ọdẹ.

Ọrun ogun kì í ṣe ọrun ọdẹ

Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ọrun líle a máa tọ́ka sí àwọn tafàtafà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Ní 1545, ọkọ̀ ogun Ọba Henry Kẹjọ tí ń jẹ́ Mary Rose rì sómi. Nígbà tí wọ́n walẹ̀ kó ẹrù rẹ̀, tí wọ́n sì gbé ara ọkọ̀ náà jáde ní 1982, ọrun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ju 170 lọ. Àwọn onímọ̀ ṣírò ó pé líle ọ̀pọ̀ nínú wọn á tó pọ́n-ùn 100, àwọn mìíràn á sì tó 180. Ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun méjì. Ìkíní, ọrun ogun ni. Ẹni tí ó mú un, ọ̀pọ̀ ènìyàn lápapọ̀ ni ó ń ta á sí, láti òkèèrè, ó sì fẹ́ kí ọfà la ẹ̀wù irin kọjá. Ìkejì, wọn kì í ṣàdédé fà á. Hugh Latimer, tí ó ti jẹ bíṣọ́ọ̀bù rí, sọ nínú ìwàásù rẹ̀ níwájú Ọba Edward Kẹfà ní 1549 pé gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti agbára òun ni wọ́n ṣe ń ra ọrun fún òun, àti pé bí òun ṣe ń dàgbà ni ọrun náà ń tóbi sí i. Síbẹ̀ náà, àwọn tí ó yẹ egungun àwọn ará inú Mary Rose wò rí àmì léjìká àwọn kan, tí wọ́n rò pé ọrun fífà láti kékeré ló fà á. Bí ẹni tí ó ti kékeré bẹ̀rẹ̀ bá lè gba àmì, kí ni ẹni ogójì ọdún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọrun lánàá fẹ́ gbà?

Ọdẹ mẹ́ta, ọrun mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí á kúrò lójú ogun, kí á wọgbó. Ní oṣù Kẹjọ 1911, ọkùnrin kan jáde láti inú igbó sí ìlú Oroville ní Kalifóníà. Ishi ni wọ́n ń pè é. Òun ni ó kù nínú ẹ̀yà Yahi, tí àwọn òyìnbó tó wá tẹ̀dó ti pa run. Saxton Pope, dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ ní Yunifásítì Kalifóníà, kọ́ iṣẹ́ ọrun lọ́dọ̀ rẹ̀ títí Ishi fi kú ní 1916. Ọrun Ishi kò ju nǹkan bí pọ́n-ùn 45 lọ, ó sì fi pa ẹran. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó máa ń rápálá sún mọ́ ẹran, tàbí kí ó fi ohùn pè é wá. Kì í fẹ́ ta ẹran ńlá tí ó bá ju yáàdì 50 lọ. Pope fúnra rẹ̀ fẹ́ ọrun tí ó le ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Arthur Young sì gbé e dé Tanganyika ní 1925 láti fi dẹ kìnnìún. Ẹran yàtọ̀, ọrun yàtọ̀.

Ní aṣálẹ̀ Kàlàhárì, ọrun àwọn San kéré, ó fẹ́rẹ̀ dà bí ohun ìṣeré ọmọdé. Líle ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí pọ́n-ùn 20 lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi oró inú ìdin kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Diamphidia kun ọfà wọn. Kí ọfà ṣáà ti gún awọ ẹran ni. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ló kù: wọn a máa tọpa ẹran fún wákàtí púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọjọ́ mélòó kan, títí yóò fi ṣubú.

Ní ìlà-oòrùn Kẹ́ńyà ẹ̀wẹ̀, àwọn Waata náà ń lo oró, èyí tí wọ́n ń sè láti ara igi Acokanthera. Ṣùgbọ́n erin ni wọ́n ń dẹ, oró náà sì gbọ́dọ̀ gba inú awọ tí ó nípọn wọlé. Nítorí náà ni líle ọrun tiwọn fi lè ju pọ́n-ùn 100 lọ. Ilẹ̀ ọdẹ wọn bọ́ sínú ọgbà ẹranko Tsavo ní 1948, ìjọba sì fi ọlọ́pàá lé wọn kúrò nídìí iṣẹ́ náà láàárín ọdún 1950 sí 1960.

Ọdẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ iṣẹ́ wọn. Kò sí èyí tí ó yan ọrun nítorí ìgbéraga. Ara wọn, ẹran wọn, ibi tí wọ́n lè sún mọ́ dé àti ohun tí ó wà lẹ́nu ọfà, mẹ́rin yìí ni wọ́n bá dámọ̀ràn.

Kétu, Bahia àti ọfà kan ṣoṣo

Ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa, ìbọn ti gba ipò ọrun lọ́wọ́ jagunjagun àti ọdẹ láti ìgbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọrun baba wa àgbà tí àwa mọ̀ ní kékeré, orí àjà ló wà. A fà á tì. Ṣùgbọ́n ọrun kò kúrò lọ́wọ́ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Àwọn ará Kétu tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Bahia ní Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń kí i ní ọba Kétu. Ìlú Kétu fúnra rẹ̀ fọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ní 1886, kí wọ́n tó tún un tẹ̀ dó. Ní Kúbà, irin ni wọ́n fi rọ ọrun àti ọfà òrìṣà náà, wọ́n sì ń gbé e sọ́dọ̀ Ògún. Ní Bahia, ọrun àti ọfà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn. Kò ṣe é fà. Àmì ni.

Ìtàn tí wọ́n ń pa ní Bahia sọ pé ẹyẹ burúkú kan bà sórí ààfin, àwọn ọdẹ ọlọ́fà púpọ̀ ta á tì. Ẹni tí ó ní ọfà kan ṣoṣo ni ó pa á, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti rúbọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀ṣọ́tokanṣoṣo. Ìtàn náà kò sọ fún wa bí ọrun rẹ̀ ṣe le tó. Ẹbọ ni ó sọ, àti ọfà kan tí kò gbọdọ̀ ṣòfò.

Bí a ṣe ń yàn án

Ẹni tí ó bá fẹ́ yan ọrun, kí ó jókòó sórí àpótí, kí ó na ọrun sí iwájú gbọọrọ, kí ó sì fà á láìgbé e sókè ọ̀run. Kí ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Bí apá bá ń gbọ̀n, tàbí tí ó ní láti lọ́ra kí ó tó fà á, ọrun náà ju tirẹ̀ lọ. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí Latimer ti ṣe.

Òfin náà ní ìlà tirẹ̀. Ní Alaska, ọrun gbọ́dọ̀ tó pọ́n-ùn 40 fún àgbọ̀nrín, 50 fún béárì aláwọ̀ ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1981 kò fàyè gba fífi ọrun pa ẹran ìgbẹ́ rárá. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà níbẹ̀, ẹ má ṣe dán an wò. Ọrun oníkẹ̀kẹ́ tí Holless Allen gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1969 a máa fúyẹ́ lọ́wọ́ bí a bá ti fà á dópin, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lò ó ṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa ibi tí ó le níbẹ̀ kọjá.

Ohun tí a kọ sí ọmọ wa nìyí: òrìṣà kò kọ̀ ọ́. Ìwọ lo gbé ọrun ẹlòmíràn. Kí o tọ́jú èjìká rẹ, kí o tọrọ àforíjì lórí ẹran tó ṣòfò, kí o sì ra èyí tó bá ọ mu. Ó gbọ́. Ọrun pọ́n-ùn 42 ló ń lò báyìí, yáàdì 20 ni kò sì gbọdọ̀ kọjá. Ìgbà tó kọ̀wé sí wa gbẹ̀yìn, kò tíì pa ẹran kankan. Ṣùgbọ́n kò tún sí ẹran tó gbé ọfà rẹ̀ sá lọ.

Ifá á gbè wá o. Àṣẹ.